Ta Ló Ń Ṣọ́ Odò Ọ̀ṣun?

Tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ ń gbé, tẹ́ ẹ sì ń rí omi ẹ̀rọ ìjọba lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti mu Ọ̀ṣun lónìí. Mi ò ṣàwàdà. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé ní Aṣéjìre, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa omi wá sí Ìbàdàn láti nǹkan bí ọdún 1972. Odò tí àwọn èèyàn ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ bá ní Òṣogbo lóṣù kẹjọ ọdọọdún, òun náà ló ń gba inú páìpù wá. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀ wá, ó gba Òṣogbo, ó gba ìhà Ẹdẹ, ó gba Aṣéjìre, ó sì lọ wọ ọ̀sà ní ìhà Lẹ́kí. Ìrìn rẹ̀ lé ní kìlómítà 200.

Ó ti pé ọdún kan báyìí tí mo ti wà lára àwọn ọ̀dọ́ kan ní Òṣogbo tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa bójú tó etí odò yìí. A kì í gba owó. A máa ń lọ kó ike, a máa ń ya fọ́tò omi, a máa ń kọ ohun tá a bá rí sílẹ̀. Tó bá yá, mo máa sọ díẹ̀ nípa ẹ̀. Àmọ́ ìtàn ni mo fẹ́ sọ gan-an lónìí, torí ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sinmi látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀: báwo ló ṣe jẹ́ tí igi inú igbó Ọ̀ṣun fi dúró digbí, tí omi tó ń ṣàn láàárín àwọn igi yẹn sì bàjẹ́? Igbó kan náà ni, òrìṣà kan náà ni, ìlú kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn tí ọmọ Òṣogbo fi ń dàgbà. Àwọn baba ńlá wọn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi. Láròóyè ni olórí wọn, Olútìmẹ́yìn ọdẹ sì wà lára àwọn tó ń ṣíwájú. Wọ́n rí odò, inú wọn dùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó etí ẹ̀ kí wọ́n lè kọ́lé. Bí wọ́n ṣe gé igi kan báyìí, igi ya wọ inú omi, ni ohùn kan bá ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun tán. Ọ̀ṣun ń rẹ aṣọ láró nísàlẹ̀ omi, wọ́n sì ba iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ jẹ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀. Wọ́n jọ dá májẹ̀mú pé òun á máa dáàbò bò wọ́n, àwọn náà á sì máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, wọ́n kó kúrò létí omi lọ sórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, níbi tí ìlú wà títí dòní. Ibi tí ààfin àkọ́kọ́ àti ọjà àkọ́kọ́ wà ṣì wà nínú igbó náà, wọ́n á fi hàn yín tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Àkọsílẹ̀ UNESCO sọ pé ó ti tó nǹkan bí 400 ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ dó síbẹ̀.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láìmọye ìgbà kí n tó gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀. Àwọn àlejò dé, wọ́n gé igi, igi yẹn ba ibi iṣẹ́ ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn jẹ́. Kí ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà? Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì sún sẹ́yìn. Èèyàn ló sún, odò ò sún. Ní Nàìjíríà tá a wà yìí, tí wọ́n ń fi iyanrìn dí ọ̀sà láti kọ́ ilé, tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà, ẹ wá ìlú tí ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ jẹ́ pé a kó kúrò lójú ọ̀nà omi. Wọn ò pọ̀.

Látinú májẹ̀mú yẹn ni èèwọ̀ ti jáde. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pẹja nínú odò yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣọdẹ nínú igbó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé igi. Ohun táwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé ìbẹ̀rù òrìṣà ló jẹ́ kí igbó náà wà dòní. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Èèwọ̀ kì í dá dúró. Ó nílò àwòrò tó ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ tó máa rí ẹ, ó nílò ọdẹ tó máa dá ẹ dúró, ó nílò ọba tó máa ní kó o wá san ìtanràn. Tí àwọn wọ̀nyí bá kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ló kù. A mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn torí ó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ èèyàn Òṣogbo ti di Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn àwòrò ń dàgbà, ọmọ wọn ò fẹ́ gba ipò wọn. Ojúbọ ń wó. Àwọn tó ń ra ère fún ọjà òkè òkun ti dé, àwọn ère sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lóru. Lásìkò kan náà, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan nínú ilẹ̀ náà fún àyẹ̀wò ọ̀gbìn. Wọ́n gé igi àdáyébá, wọ́n gbin tíìkì rọ́pò. Igi gẹdú tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà ni tíìkì, ó máa ń nà gbọọrọ, ó sì ń mówó wọlé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rìn nínú oko tíìkì rí, ẹ mọ̀ pé kò jọ igbó. Ìlà ni wọ́n ń gbìn ín sí bí àgbàdo. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọdẹ wọlé, apẹja náà wọlé. Ọ̀ṣun ò pariwo láti inú omi lọ́tẹ̀ yìí, tàbí kẹ̀ ẹ ní ó pariwo, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ni ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni obìnrin òyìnbó wọnú ìtàn wa, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń yí ojú. Ẹ fara balẹ̀.

Susanne Wenger lorúkọ ẹ̀. Ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ayàwòrán ni. Ó tẹ̀ lé ọkọ ẹ̀, Ulli Beier, wá sí Ìbàdàn ní 1950, nígbà tí Beier ríṣẹ́ sí yunifásítì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi gbé obìnrin náà dè. Ní Ẹdẹ ló ti pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, ẹni yẹn ló sì mú un wọnú ìsìn òrìṣà. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Òṣogbo, sí ilé alájà kan ní ọ̀nà Ìbòkun, ibẹ̀ ló sì gbé títí tó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Àdùnní Olórìṣà ni gbogbo ìlú ń pè é.

Ohun tí wọ́n pè é sí níbẹ̀rẹ̀ kéré gan-an. Ikán ti jẹ igi ojúbọ Ọ̀ṣun, ilé náà fẹ́ wó, wọ́n wá ní kó bá àwọn ṣàtúnṣe. Ta ni èèyàn máa ń pè tí ilé bá fẹ́ wó? Bíríkìlà. Nítorí náà, iṣẹ́ tó padà di ọ̀kan lára ohun ìní gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń po símẹ́ǹtì. Àdébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Òjéwálé Àmọ́ọ̀, bíríkìlà ni. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, káfíńtà ni kó tó di pé ó ń gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé wá láti ìdílé àwọn agbẹ́gilére. Sàká Àrẹ̀mú náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ àwọn orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: Bùráímọ̀, Kàsálì, Sàká. Ìdílé Mùsùlùmí ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde nílẹ̀ wa. Àwọn tí wọ́n sọ lórúkọ mọ́sáláṣí ló fi ọwọ́ ara wọn mọ odi yí Ọ̀ṣun ká. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹ̀sìn kò jẹ́ káwọn Yorùbá lè jọ ṣe nǹkan kan, ẹ ní kó lọ ka orúkọ wọn.

Wọn ò dúró sórí ojúbọ kan. Wọ́n ṣàtúnṣe ọ̀kan, wọ́n bọ́ sí òmíràn. Wọ́n fi símẹ́ǹtì àti irin mọ ère tó ga ju ilé lọ. Wọ́n kọ́ ilédì Ògbóni tí òrùlé ẹ̀ ń yọ sókè bí ẹranko tó fẹ́ dìde. Wọ́n fi ìjàpá tó ń fò ṣe ẹnubodè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní New Sacred Art. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo ohun tí wọ́n ṣe, ẹgbẹ́ tó ń jà fún igbó ni. Wọ́n ń lé ọdẹ, wọ́n ń kojú àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀, wọ́n ń rọ àwọn tó wà nípò. Ataója Adénlé, ọba ìlú lásìkò náà, wà lẹ́yìn wọn. Láìsí ìyẹn, ẹjọ́ ilẹ̀ ì bá ti gbé wọn mì.

Ọgbọ́n tó wà nídìí símẹ́ǹtì yẹn ló wù mí jù lọ. Ère igi ṣeé gbé sá lóru, ọjà wà fún un lókè òkun. Ère símẹ́ǹtì tó ga tó ilé, báwo lo ṣe fẹ́ gbé e? Àti pé ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ máa ń sọ pé ilẹ̀ ọ̀hún ṣófo, igbó lásán ni, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Tó bá débẹ̀ tó bá òrìṣà mẹ́ta àti odi tuntun, ẹnu ẹ̀ á wọ̀. Àwọn ère yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí pátákó “Ilẹ̀ Yìí Kì Í Ṣe Títà” ń ṣe ní àdúgbò yín, àmọ́ ó rẹwà jù ú lọ, kò sì ṣeé fi ọ̀dà pa rẹ́.

Mi ò fẹ́ kí ìtàn yìí di ti òyìnbó tó wá gbà wá là. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lókè òkun nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí. Obìnrin kan ò lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ mọ gbogbo odi yẹn. Àmọ́ mi ò tún ní tìtorí ìyẹn sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó dúró. Ọkọ ẹ̀ lọ, òun ò lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ padà sílé, òun ò padà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ náà sì di arúgbó lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.

Ìwé òfin tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni. Ní 1965, ìjọba kéde apá kan nínú igbó náà gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ ìkéde náà dé gbogbo héktà 75. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe tò ó: èèyàn dé kí ìwé tó dé. Nígbà tí UNESCO fi máa fọwọ́ sí i, ìṣọ́ ti lé ní ogójì ọdún.

Héktà 75. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe tó, ẹ to pápá bọ́ọ̀lù bí ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ pọ̀. Ó tóbi fún igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá. Àmọ́ mo ti sọ fún yín pé ìrìn odò náà lé ní kìlómítà 200. Igbó tí wọ́n ń ṣọ́ kò ju ibi tí omi ti ń kọjá fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n bá dà sí i lókè, kò sí odi símẹ́ǹtì tó lè dá a dúró.

Ohun tó sì wà lókè ni wúrà.

Wọ́n ti ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ayé ìjọba òyìnbó. Àwọn abúlé bí Igún àti Ìtàgúnmódì, wúrà ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wà á ń lo ṣọ́bìrì àti abọ́. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, owó wúrà gòkè káàkiri ayé, katapílà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sì dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: wúrà yìí kì í wá ní òkúta gbìrìgbìrì bí ẹ ṣe ń rí i nínú fíìmù. Ẹyọ wóró wóró ló wà láàárín iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n á wú ilẹ̀ etí odò, wọ́n á da omi lé e, iyẹ̀pẹ̀ á ṣàn lọ, wúrà tó wúwo á rọ̀ sísàlẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tó ṣàn lọ yẹn, inú odò ló ń lọ. Àwọn kan á tún da mẹ́kúrì sí ìyókù. Irin olómi tó ń dán bíi fàdákà ni mẹ́kúrì, ó máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà. Wọ́n á fi iná sun ún, mẹ́kúrì á di èéfín, wúrà á kù. Èéfín yẹn máa padà bọ́ sílẹ̀ níbì kan, òjò sì máa gbá a lọ.

Àwọn tó ń gbé létí odò Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ rí i pé àwọ̀ omi ń yí padà. Nígbà tó di 2021, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Òṣogbo, Urban Alert, bu omi náà lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kéde pé òjé àti mẹ́kúrì inú ẹ̀ ga kọjá ààlà. Ariwo ta lórí Twitter, àwọn oníròyìn òkè òkun náà dé. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ẹ rò ó wò o. Àwọn èèyàn máa ń wá láti Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Oxum, láti Cuba, láti Amẹ́ríkà, torí omi yẹn. Wọ́n dé, wọ́n ní kí wọ́n máa wò ó lójú.

Ìtàn ìlú kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má rántí níbí. Wọ́n ní lásìkò ogun 1840, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin yí Òṣogbo ká, Ọ̀ṣun para dà di olóúnjẹ, ó gbé ẹ̀fọ́ kiri láti tà fún wọn, májèlé sì wà nínú ẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn á sọ fún yín pé àwọn ló ṣẹ́gun ogun yẹn, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Àmọ́ nínú ìtàn yẹn, májèlé Ọ̀ṣun mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọmọ. Èyí tó wà nínú omi báyìí ò mọ ẹnì kankan yàtọ̀.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òjé yìí kéré. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó bá òkúta wúrà jáde, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ láàárín ilé, pa ọmọdé tó lé ní irinwó. Ti Zamfara yàtọ̀ o. Ekuru òjé wọ inú ilé, ó wọ oúnjẹ, ó sì pọ̀ gan-an. Ti Ọ̀ṣun ò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òjé kì í tètè kúrò nínú ara ọmọdé, kì í sì ṣe ohun tí èèyàn ń fojú rí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọdún kan tèmi. Ó lé ní ogójì tá a wà lórí WhatsApp nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń wá ò ju mẹ́sàn-án lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, torí iṣẹ́ náà ò dùn-ún fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù la máa ń lọ. A máa ń kó náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà àti ìgò ike. Oṣù tó tẹ̀ lé ọdún Ọ̀ṣun ló burú jù, àwọn tó wá bọ odò ló dọ̀tí etí odò. Lẹ́yìn náà, a máa bu omi sínú ìgò funfun, a máa gbé e síwájú bébà funfun, a máa ya á ní fọ́tò níbì kan náà, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. A kọ déètì sí i, a kọ bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó tán. Oṣù méjìlá, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àmọ́ nígbà tá a to fọ́tò méjìlá yẹn síra wọn, ó sọ nǹkan kan fún wa. Nígbà òjò, gbogbo odò ilẹ̀ Yorùbá ló ń pọ́n, àgbàrá ló ń fà á, ẹnikẹ́ni ò lè fi ìyẹn dá wúrà lẹ́bi. Àmọ́ oṣù kìíní àti oṣù kejì ńkọ́? Òjò ò rọ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú, omi tó yẹ kó mọ́ gaara ń dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Àgbàrá wo ló wà nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Ẹnì kan ń walẹ̀ lókè. Fọ́tò wa ò lè sọ pé mẹ́kúrì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò nìyẹn, ó sì máa ń gbówó lórí. Àmọ́ ó lè sọ oṣù tí wọ́n walẹ̀ jù, ó sì lè mú irọ́ “òjò ló fà á” kúrò lẹ́nu ẹni tó bá fẹ́ fi bora.

A kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan lórí ẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiwa. A padà lọ, wọ́n ní ká máa bọ̀. A tún lọ, wọ́n ní fáìlì náà ti sọnù, ká tẹ òmíràn wá. A ti tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wa báyìí.

Ìyá kan wà tá a máa ń bá létí odò. Olùsìn Ọ̀ṣun ni, ó máa ń bu omi lọ sílé nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré. Lóṣù kejì tá a débẹ̀, ọ̀kan nínú wa kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má mu omi yìí mọ́, wọ́n ní kò dáa.”

Ìyá wò ó. Ó ní, “Ọmọ mi, ìyá mi lò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn.”

“Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe odò la ní kò dáa. Ohun tí wọ́n dà sí i ni.”

“Ṣé èmi ni mo dà á sí i?”

“Rárá o, mà.”

“Ṣé ẹ ti lọ bá ẹni tó dà á sí i, kẹ́ ẹ ní kó má dà á mọ́?”

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Mo ti gbé ìbéèrè yẹn kiri látìgbà náà. Ìkìlọ̀ tí ìjọba ṣe ní 2022 tọ́, n kò ní sọ pé kò tọ́, ìlera èèyàn ṣe pàtàkì. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó ṣàtúnṣe: ẹni tó ń mu omi. Òun ni kó yí ìwà padà, òun ni kó fi ohun tó ti ń ṣe láti kékeré sílẹ̀. Nínú ìtàn Láròóyè, ẹni tó gé igi ló bẹ̀bẹ̀, òun náà ló sún. Àwọn tiwa yí i po.

Àdébísí Àkànjí àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ohun kan tá ò ní. Ọ̀tá wọn wà níbi tí wọ́n wà. Ọdẹ wọlé, o lé e. Ayálégbé ilẹ̀ dé, o mọ odi sí i lójú. Tiwa ń bẹ níbi tó jìnnà réré, nínú oko kan tí a ò mọ̀, ó sì lè jẹ́ ọmọ àdúgbò tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló ń di ṣọ́bìrì mú, tí olówó ẹ̀ wà ní Èkó tàbí Àbújá. Odò ìpínlẹ̀ márùn-ún ni: Èkìtì, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn, Èkó. Ìwé àṣẹ ìwakùsà sì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Igbó ní ọba kan tó lè pàṣẹ lé e lórí. Odò ò ní. Ìdí tí igi fi dúró tí omi fi bàjẹ́ nìyẹn, lójú tèmi: ẹnì kan wà tó jókòó ti igi.

Àwọn ère símẹ́ǹtì náà ń bàjẹ́ o, kẹ́ ẹ má rò pé wọ́n dúró títí láé. Òjò ń fọ̀ wọ́n, irin inú wọn ń dípẹtà, ewéko ń hù lára wọn. Àwọn ọmọ àti ọmọ iṣẹ́ àwọn bíríkìlà ìgbà yẹn ló ń tún wọn ṣe báyìí, wọ́n ń gun àkàbà, wọ́n ń po símẹ́ǹtì. Tí wọ́n bá parí ọ̀kan, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún tó kọjá á ti máa là.

A ti ń wá àwọn ọ̀dọ́ ní Ìlésà àti ní ìhà Aṣéjìre tó lè máa ya irú fọ́tò kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí òkè odò, àárín ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni méjì ti dáhùn láti Ìlésà. Ti Aṣéjìre ò tíì sí, nítorí náà ẹ̀yin ará Ìbàdàn, omi yín rèé. Ìgò funfun kan, bébà kan àti fóònù yín ti tó.

Ìyá yẹn ṣì ń bu omi. Álọ́ọ̀mù ló ń dà sí i báyìí kí ẹrẹ̀ lè rọ̀, a sì ti ṣàlàyé fún un pé omi lè mọ́ lójú kí òjé ṣì wà nínú ẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Lóṣù tó kọjá, ó ní ká jẹ́ kóun rí àwọn fọ́tò yẹn. Ó wo gbogbo méjèèjìlá lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà sí ti oṣù kejì, ó wò ó pẹ́. Ó wá béèrè pé Sátidé wo la tún ń bọ̀.